Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ràsáàkì

Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀, ọjọ́ Sátidé. Ọyẹ́ ti dé. Kò sí òkè kan tí ojú lè rí ní Dassa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Funfun ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n gbọn àpò èlùbọ́ sójú sánmà, ètè sì ń ya èèyàn. Mo dé ẹ̀yìnkùlé Ràsáàkì láti di iṣu sí ọkọ̀, mo sì rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan.

Kò sí ẹrù kankan nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn kò ní rí i. Èmi rí i nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń di ẹrù sí ọkọ̀ Ràsáàkì. Bàṣé àtijọ́ kan ni, irú èyí tí iwájú rẹ̀ dà bíi ti ọkọ̀ kékeré, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ìbòrí aṣọ líle, tí pákó ìjókòó gbọọrọ kan wà lápá ọ̀tún, tí èkejì wà lápá òsì. N kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹrin, n kò sì ní òṣùwọ̀n kankan ju ọwọ́ mi lọ. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù ti tó, n óò bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, n óò ki ọwọ́ bọ àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ tó bò ó. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, ìka mẹ́jọ ni, ọwọ́ méjèèjì lórí ara wọn láìka àtàǹpàkò. Bí ẹrù bá mú un dé ìka mẹ́rin, n óò ní ó tó. Bí ó bá kù sí mẹ́ta, táyà yóò máa ha ara ọkọ̀ ní gbogbo kòtò. Èèyàn kan ṣoṣo tó bá gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, tó jókòó sígun, ìka kan ló ń mú kúrò. Ó pẹ́ tí mo ti mọ èyí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìka méje.

Mo dìde, mo wo inú ọkọ̀. Pákó méjèèjì ṣófo. Eruku ọyẹ́ ti bò wọ́n tín-ín-rín, àfi ní igun apá ọ̀tún, lẹ́yìn pátápátá. Níbẹ̀, pákó náà mọ́ tónítóní, ó fẹ̀ tó ibi tí èèyàn kan lè jókòó sí.

Ràsáàkì jáde, ó gbé búútà àlùwàlá lọ́wọ́.

"Bàbá Diane, ṣé ẹ tún ti ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìyàwó mi?"

Báyìí ló máa ń bá mi ṣeré. Ó ní ọkọ̀ náà ni ìyàwó òun kejì, ó ní ọkọ̀ náà nìkan ló sì ń jẹ́ kí òun sùn.

"Rárá o," ni mo wí.

"Ó pé?"

Mo mú àkísà, mo nu pákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ó pé."

Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí a ti Parakou dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ìka mẹ́fà, Ràsáàkì fúnra rẹ̀ sì ti mọ̀ nígbà yẹn. Kò fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n bíi tèmi. Ara rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ó ní iná iwájú ọkọ̀ ti ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òṣùpá, àwọn tírélà tó ń bọ̀ níwájú sì ń ṣẹ́ iná sí òun, wọ́n ń bú ìyá òun. Ó ní ìdarí ti fúyẹ́ jù lọ́wọ́ òun, bí ẹni pé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ kò tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ Fréjus, mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ máńgòrò nítòsí oríta ńlá. Fréjus tẹ́ páálí, ó sùn sórí rẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù kékeré kan àwọn lámù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lámù ni wọ́n ń pe àwọn irin pẹlẹbẹ títẹ̀ tí wọ́n tò lé ara wọn lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn ló ń ru ẹrù, àwọn ló sì ń ta á padà sókè. Ó kàn wọ́n, ó ń fetí sí wọn bí ẹni tó ń fetí sí àyà ọmọdé.

"Kò sí èyí tó ṣẹ́," ni ó wí láti ìsàlẹ̀. "Kò sí èyí tó sán. Ọ̀gá, kí lẹ gbé?"

"N kò gbé nǹkan kan."

"Ẹ ó gbé gbogbo iṣu Gbaffo tán, ẹ ó ní ẹ ò gbé nǹkan kan. Ọkọ̀ kì í purọ́ mọ́ ọ̀gá rẹ̀."

Ó fi lámù tuntun kọ̀ọ̀kan kún ọ̀tún àti òsì. Ìgbà tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó wà ní ìka mẹ́jọ géérégé. Ràsáàkì gbá ọkọ̀ náà lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń gbá màlúù tó gbọ́ràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìka mẹ́fà.

Fréjus tún tú gbogbo lámù náà, ó kó wọn lọ sílé alágbẹ̀dẹ, wọ́n fi wọ́n sínú iná, wọ́n tún tẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè ga. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyẹn fi dúró. Ó tún fi lámù méjì-méjì kún un. Ó gé rọ́bà táyà tírélà tó nípọn tó ìkúùkù, ó dè é mọ́ ibi tí irin fi ń kanra. Ìyẹn náà tẹ́ pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Fréjus nu ọwọ́, ó ní, "Ọ̀gá, èmi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe fún un. Lámù tó wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí, ó tó ru ilé ìjọsìn."

Èmi náà yí bí mo ṣe ń di ẹrù padà. Gbogbo ohun tó wúwo, mo tì í mọ́ ẹ̀yìn awakọ̀, síwájú àwọn táyà, kí iwájú ọkọ̀ lè bá ẹ̀yìn rù ú. Ohun tó fúyẹ́, agbọ̀n àti ìdì ewé, ni mo fi sẹ́yìn. Mo dín àpò kù, mo tún dín in kù. Ṣùgbọ́n n kò fi àpò kan ṣoṣo sí igun ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìdí rẹ̀.

Láràárọ̀, mo ń dé ẹ̀yìnkùlé kí Ràsáàkì tó jáde, mo sì ń nu pákó.

Lọ́jọ́ ọjà Glazoué kan, Dorothée wọ ọkọ̀ wa. Oníṣòwò iṣu ni, ará Gbaffo, ó ga, ó sanra, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó jókòó sí pákó apá ọ̀tún. Èmi dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo di irin mú, bí mo ṣe máa ń ṣe. A kò tí ì lọ jìnnà tó fi pè mí.

"Bàbá Diane, ẹ bá mi sọ fún baba tó wà nígun yìí kó sún díẹ̀. Ààbọ̀ ìdí mi ló wà níta."

Obìnrin tó kọjú sí i ní, "Dorothée, ìdí rẹ ni kó o bá sọ̀rọ̀, má bá baba kankan sọ̀rọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dorothée náà rẹ́rìn-ín, ó yí ọrùn padà láti wo ẹni tó ń bá wí. Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú rẹ̀. Ó kàn dúró síbẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Igun ṣófo. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó níbẹ̀, ó sì yọ ọ́ kíá.

"Ó tutù," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá Diane, kí ló ń rùn bíi káfúrà báyìí?"

Mo kọjú sọ́nà. Wọ́n mọ̀ mí. Èmi kì í dáhùn púpọ̀. Kí a tó dé Dassa, Dorothée ní kí a dá ọkọ̀ dúró. Ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún wa láti gbé, òun fúnra rẹ̀ gun zẹ́mìjàn lọ, ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù náà tòun ti gèlè rẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sì bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn obìnrin Gbaffo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Mo mọ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀.

Àbúrò mi ni Gédéon, ìyá kan, bàbá kan. Bíríkìlà ni ní Parakou. Nígbà tí ìyá wa kú, a ránṣẹ́ pè é. Nínú agboolé wa, àwọn ọmọ ọkùnrin ló máa ń sọ ìyá kalẹ̀ sínú sàréè, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi dúró dè é nínú ooru. Kò wá. Èmi di orí ìyá wa mú, àjèjì kan ló di ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́bàá sàréè yẹn, tí erùpẹ̀ ṣì kún ọwọ́ mi, mo ní n kò ní pe orúkọ Gédéon mọ́ láyé. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí tó bá sọ kì í tètè tú lẹ́nu rẹ̀. Ọdún méje gbáko, n kò pè é. Ó wálé lẹ́ẹ̀mejì láti bẹ̀ mí. Mo jókòó, mo ń wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, títí ó fi dìde, tó lọ.

Ní ìparí oṣù kọkànlá, ó já bọ́ látorí àkàbà níbi iṣẹ́, ó sì kú. Ràsáàkì ló kọ́kọ́ gbọ́ nínú garáàjì. Ó wá bá mi nílé, ó ní, "Bàbá Diane, ẹ dìde, ká lọ gbé e wálé. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ owó." Bí ó ṣe ṣe é nìyẹn.

Níbi tiwa, òkú tó bá kú sí ọ̀nà jíjìn kò mọ ọ̀nà ilé. Ẹni tó bá jókòó tì í gbọ́dọ̀ máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá dé odò, yóò pe orúkọ rẹ̀, yóò ní, a dé odò o, a fẹ́ kọjá, máa bọ̀. Bí ọkọ̀ bá dé ojúlé, yóò tún pè é, yóò ní, a ti dé, sọ̀kalẹ̀. Ohùn ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Bí ohùn náà kò bá dún, kì í mọ̀ pé òun ti délé. Ohun tí wọ́n bá sì gbé sọ̀kalẹ̀, ara lásán ni.

Ràsáàkì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀le ni. Gbogbo afárá tí a bá dé, ó ń dín eré kù, ó ń fi ìka kan gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, kí n lè mọ̀. Èmi jókòó ti pósí nígun ọ̀tún, òórùn káfúrà tí wọ́n fi sára òkú sì gba ẹ̀yìn ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kan gíláàsì, mo ń la ẹnu. Orúkọ náà ń wá dé ibi ọ̀fun, ó ń dúró síbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé pósí. Mo sọ ọ́ lọ́kàn. Mo sọ fún ara mi pé òkú ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn. Odò kìíní kọjá bẹ́ẹ̀, odò ńlá lẹ́yìn Savè kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn odò kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà Gbaffo, ìlú wa, kọjá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a délé, Ìyá Euphrasie, àbúrò ìyá wa, jáde pẹ̀lú igbá omi.

"Lambert, o pè é?"

Mo mi orí.

"Ní gbogbo odò?"

Mo mi orí. Wọ́n mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n gba orí mímì mi náà sí bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé pósí náà lọ sí sàréè ń wo ara wọn. Ọ̀kan sọ ọ́ jáde pé ó fúyẹ́.

Nígbà tí oṣù kejì ọdún fi wọlé, ìka mẹ́ta péré ló kù lábẹ́ ọkọ̀ tó ṣófo. Ọ̀gá garáàjì yọ Ràsáàkì kúrò lórí ìlà, ó ní òun kò lè jẹ́ kí ọkọ̀ tó jókòó bí ajá gbé èèyàn. Ràsáàkì ta alùpùpù rẹ̀. Ó ta ewúrẹ́ ìyàwó rẹ̀, Sàfúrátù, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà. Kò pè é ní ìyàwó kejì mọ́.

Ohun mìíràn wà tí mo rí, tí n kò fẹ́ rò. Ní àwọn àárọ̀ kan, kì í ṣe igun nìkan ni eruku kì í sí. Ibi tó tẹ̀ lé igun náà mọ́. Lẹ́yìn náà, apá òsì, níbi méjì tàbí mẹ́ta. Mo sọ fún ara mi pé àpò ẹrù ló nù ún. Mo fa àkísà kọjá lórí gbogbo rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti Ràsáàkì ń lọ sí Gbaffo láti lọ kó àpò gààrì mélòó kan, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó tún gbé ẹrù fún wa. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀kalẹ̀ sí afárá tó kẹ́yìn, ó yí ìdarí, ọkọ̀ kò gbọ́. Iwájú rẹ̀ fúyẹ́ pátápátá. A yọ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ bí ọmọ tó ń jókòó yọ̀ lórí àpáta, a lọ sí ẹ̀gbẹ́, a sì dúró tí táyà iwájú kan ń yí nínú afẹ́fẹ́ lókè odò. Ó ń yí, ó ń yí, títí ó fi dákẹ́.

Ràsáàkì jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku.

"Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun lára nǹkan yìí," ni ó wí. "Bí ó bá kú, mo kú. Bàbá Diane, ẹ sọ fún mi. Ta ni mo ṣẹ̀?"

"Ẹ kò ṣẹ ẹnì kankan," ni mo wí. "Èmi ni."

Mo sì sọ fún un. Kò gùn. Ohun tí mo fi pamọ́ láti ìgbà yẹn, kò gbà ju ìgbà tí èèyàn fi ń mu ife omi kan.

Ó mú òkúta kan, ó sọ ọ́ sódò.

"Oṣù mẹ́ta," ni ó wí. "O rí mi lábẹ́ ọkọ̀ yìí fún oṣù mẹ́ta."

Láti ọdún mọ́kànlá tí a ti mọra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sọ "o" sí mi. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ.

"O mọ̀ nígbà tí mo ta ewúrẹ́ Sàfúrátù."

"Mo mọ̀."

"O sì ń nu pákó láràárọ̀. Mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ wo òṣìṣẹ́ mi, ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn ìmọ́tótó."

Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

"Lọ́la, a ó lọ sí Parakou. O ó sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ yóò fi ya."

A fa ọkọ̀ náà padà sójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, a sì kúrò ní Dassa lọ́jọ́ kejì kí oòrùn tó yọ, ọkọ̀ ṣófo. Mo wọ̀n ọ́n kí a tó lọ: ìka mẹ́ta. Ní Parakou, a dúró ní ẹnu ọ̀nà ibi tí a ti gbé pósí jáde nígbà yẹn. Mo gun ẹ̀yìn, mo jókòó ti igun. Òtútù rẹ̀ la ṣòkòtò mi kọjá.

"Gédéon," ni mo wí.

Ohùn náà jáde bíi ti ẹlòmíràn. Ràsáàkì kò yíjú padà, ṣùgbọ́n mo rí ọrùn rẹ̀ tó le.

"Gédéon, èmi Lambert ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Dìde, a ń lọ sílé."

A bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Gbogbo afárá tí a dé, ó kan gíláàsì, mo sì pè é. Mo sọ fún un pé ojú ọ̀nà dára, pé wọ́n ti kórè ìrẹsì Glazoué tán, pé ìyá wa kò bínú. Ohun tí n kò sọ fún ọdún méje, mo ń sọ ọ́ fún pákó. Ní odò ńlá, mo ní, "Gédéon, odò ńlá rèé o. Má wo ìsàlẹ̀. Dì mí mú, ká jọ kọjá." Omijé bo ojú mi, n kò nù ún.

Ní gbogbo afárá tí Ràsáàkì bá ti dín eré kù, ẹ̀yìn ọkọ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lámù a sì dún kín-ín. Mo rò pé òun ló ń sún mọ́ mi kó lè gbọ́ mi dáadáa.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù nígbà tí a dé Gbaffo. Ràsáàkì dá ọkọ̀ dúró ní ojúlé wa, ó pa á. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mo dìde, mo ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Gédéon, a ti dé. Ilé rèé. Sọ̀kalẹ̀."

Nǹkan tutù kan kọjá lára orúnkún mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fara pá èèyàn kọjá nínú ọkọ̀ tó kún. Òórùn káfúrà náà jáde, ó lọ. Lámù dún lábẹ́ wa, ọkọ̀ sì gbéra sókè. Mo gbọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ mi. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró síbẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé, inú mi sì dùn.

Ràsáàkì jáde wá. Ojú rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

"Wọ̀n ọ́n," ni ó wí.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo yọ ọ́, mo nu ìka mi lára ẹ̀wù, mo tún kì í bọ̀ ọ́.

"Mélòó?"

Mo lọ sí táyà kejì, mo wọn ìyẹn náà.

"Lambert, mélòó?"

"Méjì," ni mo wí. "Méjì àti ìbú èékánná kan."

Mẹ́ta ni nígbà tí a kúrò nílé.

Mo jókòó sórí gìgísẹ̀ mi, mo sì rò ó. N kò ka ìwé, ṣùgbọ́n èyí ni iṣẹ́ mi. Lámù tí Fréjus ti fi kún un pọ̀, wọ́n sì le. Èèyàn kan kì í mú ìka kan kúrò mọ́. Èèyàn kan tó sọ̀kalẹ̀, tó jẹ́ ọkùnrin tó sanra dáadáa, ìbú èékánná kan ló fi gbé ọkọ̀ sókè; ojú mi ló ṣe. Láti ibi tó wà yìí títí dé ìka mẹ́jọ, ó ku ìka tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́fà. Èékánná mélòó ló wà nínú ìka mẹ́fà, n kò kà á.

Ìyá Euphrasie jáde láti inú ilé, igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wò mí. Ọkọ̀ ló ń wò.

"Ó ti wọlé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Àwọn wo, Ìyá?" ni Ràsáàkì bi í.

"Àwọn tó jókòó. Àwọn tó dúró." Ó fi ẹnu tọ́ka. "Ẹni tí wọn kò pè lódò, odò ló ń dúró sí. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ tó gbé ọ̀kan nínú wọn kọjá, tí ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, wọn a ní tàwọn ti dé. Lónìí wàyí, ẹ tún wá ń dúró ní gbogbo afárá, ẹ ń ní máa bọ̀, máa bọ̀."

"Kí la ó ṣe?"

"Kí ẹni tó kó wọn wá pè wọ́n. Kí ó sọ olúkúlùkù kalẹ̀ nílé rẹ̀."

"N kò mọ orúkọ wọn," ni mo wí.

Ó wò mí nígbà yẹn. Ó da omi inú igbá náà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ràsáàkì rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó wo inú rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, a sì rí gbogbo rẹ̀. Eruku ọ̀nà Gbaffo pupa, ó pọ̀, ó ti bo òde ọkọ̀, ó ti bo ìbòrí rẹ̀, ó wà nínú irun mi. Nínú lọ́hùn-ún, kò sí eruku rárá. Kò sí lórí pákó ọ̀tún, kò sí lórí pákó òsì, kò sì sí ní ilẹ̀ àárín wọn, níbi tí èèyàn máa ń dúró sí bí àyè ìjókòó bá ti tán.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí ọkọ̀. Kò bínú. Kò sí ohunkóhun lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo kó wọn," ni ó wí.

Ó kọjú sọ́nà Dassa, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, bàtà rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Èmi kò mọ ọkọ̀ wà. Mo gun ẹ̀yìn, mo ní kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá mi sún díẹ̀, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní orúkọ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.